Ta Ló Ní Eyín Tí Dókítà Yọ?

Bàbá ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Sango-Ọ̀tà. Ní 2022, ọ̀kan nínú eyín tí wọ́n fi ń jẹ ẹran lápá ọ̀tún là. Dókítà fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó ní kí Bàbá fi ẹnu di òwú mú, kí wọ́n máa lọ sílé. Ó parí. Lọ́dún yìí, Bàbá kó owó jọ láti gún eyín àtọwọ́dá onírin mọ́ eegun wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé eegun ibẹ̀ ti tín-ín-rín jù, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ra ìyẹ̀fun eegun màlúù tó ń ti òkè òkun wá. Owó rẹ̀ ju owó oṣù wọn lọ.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ohun tí ì bá dí ihò náà ni dókítà jù sínú garawa.

Bí eyín bá kúrò, eegun tó gbé e dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìbú rẹ̀ lè dín kù tó ìdajì kí ọdún kan tó pé, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù. Bẹ́ẹ̀ ara eyín, lábẹ́ èèpo funfun tó le yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí eegun: nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ irú èròjà líle tó wà nínú eegun, purotéènì àti omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Láti 1967 ni Yeomans àti Urist ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ara eyín tí a fi ásíìdì fọ̀ lè mú kí eegun tuntun hù. Ní Kòríà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lo eyín aláìsàn fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á ha ibi tó jẹrà kúrò, wọ́n á lọ ìyókù, wọ́n á fi oògùn fọ̀ ọ́, wọ́n á dà á padà sínú ihò. Kì í ṣe gbogbo eyín ló ṣe é lò o. Èyí tí wọ́n ti fi oògùn dí gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò dára fún un.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ tó ń lọ eyín wọ́n. A gbà. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu náà wọ́n ni?

Wọ́n á tún ní mẹ̀kúnnù ò lè lóye. Èyí la kọ̀ jálẹ̀. Àwa tí olùkọ́ ti fìyà jẹ lórí àgbọ̀n, agbọ̀n àti agbọ́n mọ̀ pé gbólóhùn kan tó: “Bàbá, ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ kì í pẹ́ wó, bí eyín yìí bá jáde, bẹ́ẹ̀ ni eegun àgbọ̀n yín á ṣe máa wó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a lè fi dí i.” Ta ni kò gbọ́ ìyẹn ní Ọ̀tà? Mùsùlùmí náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí òmíràn nínú àwọn ìyẹ̀fun yẹn. Eyín ẹni kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀. (Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orí òrùlé là ń ju eyín tó bá yọ sí, kì í ṣe ààtàn.)

Kí dókítà má yọ eyín àgbàlagbà kankan mọ́ láì kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bọ̀ wá bá eegun. Kí àwọn tó ń kọ́ dókítà eyín n'Íbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn lédè tí aláìsàn gbọ́. Bí wọ́n bá ń wá olùkọ́ èdè, àwa rèé, ọwọ́ wa dilẹ̀ lásìkò ìsinmi.

Bàbá ṣì ń tọ́jú owó. Apá òsì nìkan ni wọ́n fi ń jẹ ẹran báyìí.