Láti Abẹ́rẹ́ Ìkẹyìn dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́

Gẹ́gẹ́ bí ètò àjẹsára ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe là á sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá bí sí Ejìòkú tàbí Akánrán yóò gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, yóò tún gbà á ní oṣù kẹsàn-án, kí ó tó wá gba ti ìkẹyìn ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di ìgbà tí ó bá pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà á, kí òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn tó jókòó tì í. Lóòótọ́, Ọ̀sẹ̀ Ìlera Ìyá àti Ọmọ ń kán fítámì A sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń fún un ní oògùn aràn, ṣùgbọ́n bíbéèrè bóyá ọmọ ń gbọ́rọ̀, bóyá ó ń sọ ọ́, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e, kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Àlàfo yìí ju ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ìwé pẹlẹbẹ yìí ń rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà láti dí i, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí ó ti mọ ìyá àti ọmọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́, ni iṣẹ́ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdàgbàsókè ọmọ kékeré, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lò ó, kọjá kí ọmọ sanra tàbí kí ó ga. Ó jẹ́ bí ọpọlọ ṣe ń mú ojú, etí, ẹnu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, àti bí ọmọ ṣe ń kọ́ láti bá ènìyàn gbé. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2016 ṣírò pé nǹkan bí 250 mílíọ̀nù ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, ni òṣì àti àìtó oúnjẹ lè má jẹ́ kí wọ́n dé ibi tí ẹ̀bùn wọn ì bá gbé wọn dé. Oúnjẹ nìkan kò sì tó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọmọ sọ, tí ọmọ sì dá padà, kódà kí ó jẹ́ “bababa” lásán, wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń kọ́ èdè, àwọn ìyá Yorùbá tí ń ki ọmọ ní òwúrọ̀, tí ń pàtẹ́wọ́ fún un pé kí ó ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ìwádìí kankan tó dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ibi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní Ajíà tàbí Lálúpọn, ọmọ ọdún méjì tí ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èèpo ń gbọ́ ohùn obìnrin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan ń ṣe yẹ̀yẹ́, òmíràn ń ṣírò owó àpò gàrí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kọjá lórí ọmọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọmọ sọ, ìyá tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ kò sì ní ọwọ́ kejì. Bí etí ọmọ náà kò bá gbọ́ràn, ariwo ibẹ̀ gan-an ni yóò fi í pamọ́: yóò máa wo ẹnu tí ń mì, yóò sì máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ṣàkíyèsí pé kò tíì sọ̀rọ̀, wọn yóò dá a lóhùn pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ń ba etí àti ọpọlọ ọmọ jẹ́ kì í ṣe àdììtú. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe lè kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, èròjà pupa rúsúrúsú kan yóò hàn nínú ẹyinjú àti awọ ara. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ, yóò sì ba ibi tí ń darí ìgbọ́ràn àti ẹsẹ̀ òun ọwọ́ jẹ́. Ọmọ náà lè yè é, kí ó sì dàgbà di ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tí ara rẹ̀ ń le gan-an, tí kò sì gbọ́rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ń so irú ibà yìí mọ́ àìtó G6PD, èròjà kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí èyí kò tó lára rẹ̀ kì í fara da káńfọ̀, àwọn kóró funfun olóòórùn tí àwọn ìyá ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Aṣọ ìkómọ tí wọ́n fi ìfẹ́ tọ́jú pamọ́ ni ó ń gbé ewu wọlé. Bọ́lájókòó Olúsànyà, Tina Slusher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 2015 pé oòrùn tí wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe sẹ́ lè ṣe iṣẹ́ iná tí wọ́n fi ń wo ibà náà níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Ọ̀rá yìí ni ó ń dí ìtànṣán tí ó léwu, nítorí náà oòrùn àárọ̀ lásán kò lè rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí ìyá gbọ́ ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yìí kí ó tó bímọ. Ọmọ tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Inú àlàfo tí ìwé yìí ń sọ ni yóò bọ́ sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò ní àwọn ayé ni, tàbí kí wọ́n pè é ní ẹni òrìṣà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ní ọ̀wọ̀ nínú, nítorí ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò kọ́ ìyá bí yóò ṣe gbé ọmọ jókòó kí oúnjẹ má baà há a lọ́fun.

Wíwo ọmọ láti ìbí títí di ọdún márùn-ún kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. David Morley, dókítà ọmọdé tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tọ ipa àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìwọ̀n ọmọ tí gbogbo ayé wá ń lò ti jáde. Ìyá ni ó ń tọ́jú káàdì náà sílé, nọ́ọ̀sì ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Lónìí, káàdì tí ìyá ń wé sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á ṣì ní àyè ìwọ̀n lára, ṣùgbọ́n níbi tí abẹ́rẹ́ bá parí sí ni bírò nọ́ọ̀sì sábà máa ń dúró. Ohun tí ilẹ̀ Yorùbá fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣeé yọ kúrò nínú wíwo ọmọ. Láti 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí olùkọ́ àkànṣe sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n sì tayọ wọn nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni, ó ní ìfìdírẹmi nínú ìdánwò bí i WAEC àti JAMB pọ̀ jù ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lò ó. Ìṣirò náà kò dúró, nítorí ọmọ tí ó ṣe WAEC ní 2025 ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2013, ọdún mẹ́sàn-án kí ìlànà náà tó wáyé.

Ohun tí ó kan àlàfo yìí gan-an tún burú ju ti ìdánwò lọ. Ní jẹ́lé-ó-sinmi (orúkọ tí ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ìsinmi ilé ni wọ́n ń wá) tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá ọmọ àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ ni ó dákẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Olùkọ́ kò lè mọ èyí tí ó dákẹ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì ṣàjèjì sí i, èyí tí kò gbọ́, àti èyí tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún ní èdè yòówù. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, ọmọ tí kò dáhùn ìpè láàárín ogún ọmọ yóò hàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ohun tí a lè ṣe fún ọmọ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ ti hàn níbòmíràn. Ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé àwọn ọmọ tí àìtó oúnjẹ ti dá dúró ní àárín àwọn ọdún 1980, wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n ń kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa fi ohun ìṣeré tí wọ́n fi nǹkan ilé ṣe bá ọmọ ṣeré, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìwádìí náà jẹ́ 129. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, owó tí àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti àwọn akẹgbẹ́ wọn tí wọn kò bẹ̀ wò. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe dókítà, ìpele wọn kò sì jìnnà sí ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí ó wà ní Mọ́níyà tàbí Ìyànà Ọ̀fà.

Nítorí náà, kí wọ́n pe ọmọ padà ní oṣù kẹrìnlélógún, ní ọdún mẹ́ta àti ní ọdún mẹ́rin, kí ọjọ́ náà sì wà lára káàdì bí ọjọ́ abẹ́rẹ́. Kí nọ́ọ̀sì béèrè ní Yorùbá pé: ṣé ó máa ń yíjú bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, ṣé ó ń nàka sí ohun tí ó fẹ́, ṣé ó ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ṣé etí rẹ̀ ń ṣọyún? Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ bá mú ìfura wá, kí òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ sílé rẹ̀, kí ó sì bá ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọ sọ̀rọ̀, nítorí ọwọ́ ìyá àgbà ni ọmọ ń wà lọ́jọ́ ọjà. Òfin Ìlera ti 2014 ti ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Ó tọ́ kí iṣẹ́ yìí rí nínú rẹ̀ gbà.

Ibi tí ètò náà lè kú sí ni ẹ̀yìn ìbéèrè. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka ẹ̀tanú sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Andrew Foster, tí òun náà jẹ́ adití, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1960, kọ́lẹ́ẹ̀jì àpapọ̀ tí ń kọ́ olùkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Ṣùgbọ́n ìgboro ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wà. Ìyá tí wọ́n bá sọ fún ní Akánrán pé kí ó gbé ọmọ lọ yẹ etí wò ní UCH yóò pàdánù ọjọ́ oko kan tàbí ọjọ́ ọjà kan, yóò wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní àlọ, yóò tún wọ̀ wọ́n ní àbọ̀, wọ́n sì lè ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí owó ọkọ̀ yẹn wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì máa wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ó béèrè ìbéèrè náà.