Bátìrì Kẹ̀kẹ́: Ààlà Owó Yàtọ̀ sí Ààlà Ẹ̀mí

Àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fẹ́ràn láti máa gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kó má jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kó má sì jẹ́ kó gòkè ju 80. Ìmọ̀ràn náà dára. Àmọ́ ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ní New York láti ọ̀sán títí di òru, ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. Ìdá 40 tí ẹ ní kó má fọwọ́ kàn yẹn, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ààlà méjì ni àwọn èèyàn dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní wà kí bátìrì lè pẹ́. Bí ẹnì kan bá ń fi ṣájà tó tọ́ ṣáájì bátìrì tó dáa dé 100 lójoojúmọ́, bátìrì yẹn á kàn tètè gbó ni, àpò ara rẹ̀ ló sì ń ná. Ààlà kejì ni ti ẹ̀mí: bí bátìrì bá kọjá rẹ̀, ó lè gbiná. Òun ni kò gba àwáwí.

Sẹ́ẹ̀lì lithium tó wọ́pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 4.2 volt. Bí wọ́n bá to mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, ó di bátìrì tí wọ́n ń pè ní 36 volt, 42 ló sì ń kún sí. Mẹ́tàlá ló máa ń wà nínú ti 48, 54.6 ni tiẹ̀ ń kún sí. Ẹ yí ṣájà padà, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí: nọ́ńbà tí bátìrì yín ń kún sí gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ṣájà méjèèjì lè jọra, kó wọlé wẹ́kú. Bí ẹnì kan bá ki ṣájà 54.6 bọ bátìrì tó ń kún sí 42, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì nìkan ló kù tó lè gé iná náà. Nínú bátìrì olówó pọ́ọ́kú, pátákó yẹn lè má dáa, ó tiẹ̀ lè má sí rárá.

Kí bátìrì lọ sílẹ̀ jù náà léwu, bí wọn kì í tiẹ̀ sábà sọ ọ́. Bátìrì tí wọ́n lò gbẹ, tí wọ́n wá jù sí kọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè já wálẹ̀ jìnnà sí 2.5 volt. Bàbà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Tí wọ́n bá tún fi iná sí i, bàbà yẹn á lọ dì síbi tí kò yẹ, ojú iná méjèèjì á sì lè kan ara wọn nínú lọ́hùn-ún. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń jí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kò ṣe é lóore kankan. Ti ooru náà wà níbẹ̀: wọn kì í ṣáájì bátìrì tó ti gbóná kọjá 45 lórí ìwọ̀n Celsius, tàbí èyí tó tutù ju 0 lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ọ̀kadà tí wọ́n gbé sóòrùn ọ̀sán l'Ékòó mọ èyí tó kàn án nínú méjèèjì.

Ní 2023, bátìrì lithium dá iná 268 sílẹ̀ ní New York, èèyàn 18 sì kú. Ní oṣù June ọdún náà, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Chinatown, ó sì gbẹ̀mí èèyàn 4. Láti September ọdún yẹn ni ìlú náà ti fòfin de títa kẹ̀kẹ́ àti bátìrì tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n tún ka yíyọ sẹ́ẹ̀lì àlòkù láti fi to bátìrì mìíràn léèwọ̀. Ní 2024, iye iná kò dín, ṣùgbọ́n òkú wálẹ̀ sí 6. Ọrùn ẹni tó ń tajà ni òfin yẹn wà, kì í ṣe ọrùn ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, ilé-iṣẹ́ ọ̀kadà oníbátìrì tó ń jẹ́ Spiro gba ọ̀nà míì ní Cotonou àti Lomé. Ọlọ́kadà kì í ṣáájì bátìrì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti lọ sílẹ̀, á gbé e lọ sí ibùdó wọn, á gba èyí tó kún. Àwọn tó ní irinṣẹ́ láti ṣọ́ volt àti ooru ló ń ṣọ́ ọ.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni yóò rí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ nítòsí, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì sì ti ń wọ Nàìjíríà. Ó yẹ kí SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, pa á láṣẹ fún àwọn tó ń kó wọn wọlé pé kí wọ́n kọ volt ṣájà gàdàgbà sára bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu ṣájà 48 má sì lè wọ bátìrì 36 rárá.