Ẹ Jẹ́ Kí Ìlù Wọ Ṣápẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ orin tí ẹgbẹ́ wa máa kọ níbi ìsìn ìparí sáà ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan ní kíbọ́ọ̀dù nìkan ló tọ́ sí ṣápẹ́ẹ̀lì, pé ìlù máa ń sọ ilé Ọlọ́run di òde àríyá. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí mo wà ní JSS 1, ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n mú mi wá sí Jos yìí, òtútù ń pa mí, mi ò gbọ́ Haúsá, gbogbo àdúrà tí wọ́n ń gbà kàn ń kọjá lórí mi ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan, síníọ̀ kan gbé gángan jáde. Kò tíì kọrin rárá o, ìlù nìkan ló ń lù. Gángan náà ń ki Olódùmarè bí màmá mi àgbà ṣe máa ń kì í láàárọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn, àdúrà gidi, kì í ṣe èyí tí à ń kà bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní asẹ́ńbílì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àárò ilé ló ń ṣe mí, pé kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ìlù yìí kan náà máa ń mú ara mi yá gágá níbi ìgbéyàwó, tí mi ò sì ní rántí Ọlọ́run rárá. Nítorí náà, mi ò sọ pé ẹni tó bá ti sunkún ti rí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti dì bí epo inú ọbẹ̀ àná, orin ló yọ́ ọ.

Mi ò bá kíbọ́ọ̀dù jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ orin ìsìn wa, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n fi sórí ohùn orin òyìnbó. Ohùn orin á lọ sókè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ lọ sílẹ̀, "ìgbà" á wá máa dún bí "igbá". Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, kọ orin ìsìn tó bá ohùn Yorùbá mu, ó sì gbà wọ́n sínú àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ní Marina, Èkó, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ṣé àwọn náà ò mọ iyì ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Kì í sì í ṣe àwa Kìrìsìtẹ́nì nìkan. Mùsùlùmí ni ẹni tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Ó ní bàbá òun kọ wéré ní kékeré ní Ìbàdàn, wọ́n á máa lùlù kiri àdúgbò lóru láti jí èèyàn sí sààrì. (Inú wéré yìí náà ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde.) Ó ní bí òun bá gbọ́ ọ, kí òun tó lajú tán, ààwẹ̀ ti ń wu òun gbà.

Mo gbà pé kí ìlù mọ níwọ̀n. Gángan kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ó tó. Bí onílù bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki síníọ̀ tó ní bísíkí-ìtì lọ́wọ́, kí wọ́n lé e jáde!

Ọjọ́ Ẹtì la máa dìbò. Síníọ̀ tó ni gángan yẹn ń parí SS 3 lọ́dún yìí, kò sì tíì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Níbo lo ti máa lù ú?"