Ohun Tí Omi Kò Lè Jẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ fi tó yín létí kí a tó tún di ẹrù ọdún lọ sí etí odò. Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn kan nínú wa, nítorí ó dun èmi náà kí n tó gbà á. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, àwọn tí kò fẹ́ràn wa ni yóò bá wa sọ ọ́ ní gbangba.

Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo sùn lálejò lọ́dọ̀ ẹbí ìyá mi, mo sì bá wọn jí lọ sí èbúté nítòsí ọjà Olúwo kí ilẹ̀ tó mọ́. Òkùnkùn ṣì bo ojú omi, ṣùgbọ́n ìró ẹ́ńjìnnì ti ń bọ̀ lókèèrè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti tò sí etí omi pẹ̀lú abọ́ àti agbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ ìró ọkọ̀ oníbàárà wọn kí wọ́n tó fojú rí i. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ìkíni kì í gùn. Wọn a ṣa àrọ̀ lọ́tọ̀, wọn a ṣa ọ̀bọ̀kún lọ́tọ̀, ẹpìyà àti akàn náà yóò ní agbọ̀n tiwọn, ìnájà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nínú owó tí ẹja bá mú wá, epo ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ yóò gba tiwọn. Gbèsè àwọ̀n yóò gba tirẹ̀. Ohun tó bá kù ni àwọn ọmọ yóò jẹ.

Nígbà tí oòrùn yọ, tí èéfín ààrò àwọn tó ń yan ẹja ti ń gòkè, mo jókòó ti bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ ibòòji. Òkìtì ìdọ̀tí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ̀rá omi, ìgò, bàtà ike kan. Lórí òkìtì náà ni mo ti rí abọ́ ike kan tí a fi aṣọ funfun bò lẹ́nu, tí a sì fi okùn ọ̀rá dì pinpin. Ìgò ọtí kan yọrí nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ohun tí ó jẹ́ fún mi.

Bàbá rí ìdè tó wà ní ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, tiyín nìyí. Mi ò tú u wò o. Mo kàn yọ ọ́ kúrò nínú àwọ̀n ni, ó sì ti já ojú àwọ̀n mi.” Mo tọrọ àforíjì bí ẹni pé èmi ni mo gbé e sómi. Bàbá kò bínú. Àwọn pàápàá kì í ti ọkọ̀ sí ọ̀sà láìta omi sílẹ̀ fún Ọlọ́sà. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: “Ṣé Ọlọ́sà ló kọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ̀yin ni ẹ kò fún un ní ohun tó lè jẹ?”

N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní ni ìbéèrè náà ń bá mi gbé.

Èmi kò lè búra pé ibi báyìí ni abọ́ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ọ̀nà tí omi ń gbà. Odò Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Èkìtì, tó gba Òṣogbo kọjá, kì í dúró sí Òṣogbo. Ó ń ṣàn lọ títí yóò fi wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà kan náà tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń dẹ àwọ̀n sí. Ohun tí a bá fi lé Ọ̀ṣun lọ́wọ́, tí kò bá jẹrà, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tí yóò fà á sókè pẹ̀lú àwọ̀n tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán.

Ẹja sì ni májẹ̀mú Òṣogbo gan-an dúró lé. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni pé nígbà tí Làróòyè bá Ọ̀ṣun mulẹ̀, ẹja ni ikọ̀ tí Yèyé rán sí i, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti inú “a-tẹ́wọ́-gba-ẹja” ni oyè Àtáọ́ja ti jáde. Nínú igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni kí a pẹja títí di òní. Kí àjọ UNESCO tó kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 ni àwọn baba wa ti fún ẹja ní ibi ìsádi tí àwọ̀n kò gbọdọ̀ dé. Bí ẹ̀sìn tí ó dá ẹja sí bá wá di èyí tí ń ju ike sí ojú ọ̀nà ẹja, kí ni a fẹ́ tẹ́wọ́ gbà lọ́la?

Mo ti gbọ́ èsì àwọn ará wa kan. Wọ́n ní, “Ṣé àwa ni a sọ omi Ọ̀ṣun di pupa ni? Ẹ lọ bá àwọn tó ń wa wúrà lókè odò.” Òótọ́ ni. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà nígbà ọdún. Ìjà yẹn gbọ́dọ̀ jà, a kò sì gbọdọ̀ sinmi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjọ́ tí a bá dúró níwájú ìjọba láti gbèjà odò, ó yẹ kí ọwọ́ tí a nà jáde mọ́.

Àwọn ará wa lókè òkun ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì ṣáájú wa. Ní Rio Vermelho, ní ìlú Salvador ní Brazil, àwọn apẹja ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ike, ìgò àti dígí pọ̀ nínú ẹ̀bùn náà. Ní 2016, Mãe Stella, Ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tó wàjà ní 2018, kéde pé àwọn ọmọ ilé òun kò ní ju ẹ̀bùn sínú òkun mọ́. Orin àti ara wọn ni wọn yóò gbé wá síwájú Yemọja. Èmi kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ẹbọ ni wá, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ òfìfo lọ sódò. Ṣùgbọ́n mo gba ẹ̀rí ọkàn ìyá náà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò le. Ẹ jẹ́ kí igbá padà sí ipò rẹ̀, kí ewé padà sí ipò rẹ̀, kí òwú di ohun tí a fi ń so ẹrù. Oyin, ẹ̀kọ, obì, gbogbo ìwọ̀nyí ni omi mọ̀, ẹja náà mọ̀ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọtí ni, ẹ da ọtí sómi, kí ẹ gbé ìgò lọ sílé. Ẹ̀yin babaláwo àti ìyánífá wa, ẹ bá wa tẹnu mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń ka ohun ẹbọ fún ènìyàn, nítorí kò sí ike láyé nígbà tí a dá Ifá fún àwọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá sì ń lọ sí etí omi, kí ó mú àpò dání, kí ó kó ìdọ̀tí tó bá níbẹ̀ kí ìlù tó dún.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé abọ́ ike sómi rí, n kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo bá tún padà sí Ẹ̀pẹ́, mo fẹ́ lè jókòó ti bàbá náà lábẹ́ ibòòji kí n sì dá wọn lóhùn pé, “Bàbá, ohun tí omi lè jẹ ni a fún un.”

Kí Ọlọ́sà, Ọ̀ṣun àti Ọlọ́kun gba tiwa. Kí àwọ̀n má ya, kí èbúté má ṣófo. Àṣẹ.