Ìṣirò Omi Odò: Ọ̀ràn tí ó kan Àwọn Ará Etí Ọ̀sà

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣàìmọ iye ebè tí ó kọ àti iye àgbàdo tí ó kó sí àká. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè iye omi tí ó ń wọ ilẹ̀ odò abúlé rẹ̀ lọ́dún, àti iye tí ó ń jáde, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí léwu, pàápàá fún àwọn tí ń gbé létí ọ̀sà, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú àti Àgbádárìgì.

Ilẹ̀ odò kì í ṣe ojú omi nìkan. Gbogbo oko, igbó àti ìgboro tí òjò wọn ń ṣàn wá sínú odò kan ni ilẹ̀ odò náà. Odò Ògùn, fún àpẹẹrẹ, ti agbègbè Ṣakí wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó. Gẹ́gẹ́ bí ìwé owó ìjọ ti ń fi owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde hàn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ odò ní ìṣirò tirẹ̀. Òjò ni ó ń wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà jáde: oòrùn àti ewé a máa fà á padà sí afẹ́fẹ́, odò a máa gbé e lọ sí ọ̀sà, òmíràn a sì máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ lọ, tàbí kí ènìyàn fà á láti inú kànga. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ìfipamọ́ ilẹ̀, òun ni kànga ń mu nígbà ẹ̀rùn.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbàgbọ́ pé òjò kò tó láti bọ́ odò. Ní ọdún 1674, Pierre Perrault, ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà. Ó ṣírò òjò tí ó rọ̀ sí ilẹ̀ orísun odò Seine, ó sì rí i pé ó tó ìlọ́po mẹ́fà omi tí odò náà ń gbé lọ. Ìwọ̀n ni ó ṣe ohun tí àròyé kò lè ṣe.

Àwọn kan a máa wí pé òjò etí ọ̀sà pọ̀, nítorí náà kò sí ìdí fún ìṣirò. Òótọ́ ni pé ó pọ̀. Ní Èkó, lọ́pọ̀ ọdún, ó ń ju mìlímítà 1,500 lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn àti ewé ń gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Òjò kì í sì í rọ̀ déédéé: Oṣù Kẹfà a kún àkúnya, Oṣù Kìíní a gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò dẹ́kun gbígba tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àròpọ̀ ọdún nìkan ṣe ìdájọ́ dà bí ẹni tí ó ka owó ìkórè, tí ó gbàgbé oṣù ìyàn. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni kí a máa ṣírò.

Ẹni tí ó wà lókè odò kò sì dá wà. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí a tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí odò rẹ̀ ń ṣàn wọ Ògùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn nísàlẹ̀ odò ni ìkún omi lé kúrò nílé.

Ewu kejì wà lábẹ́ ilẹ̀. Omi dídùn fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, ó sì ń léfòó lórí rẹ̀. Níbi tí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju òkun lọ, ó lè jìn tó mítà 40 nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí fífà omi bá mú ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní mítà 1 péré, omi iyọ̀ lè gòkè tó mítà 40 nígbẹ̀yìn. Kànga tí ó ti di oníyọ̀ kì í tètè dùn mọ́.

Ìwọ̀n náà kò ṣòro. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́, tí a gbé sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé, tó fún òjò: kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi rúlà wọ̀n ọ́n láràárọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dà á nù. Mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, jẹ́ lítà 1. Ní ti odò, kí a wọn ìbú àti jíjìn rẹ̀, kí a sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí igi tí ó léfòó fi rin mítà 10. Nítorí pé ojú omi ń yára ju ìsàlẹ̀ lọ, kí a mú ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìyára náà. Èyí tí oòrùn gbà ni ó ṣòro jù. Nípa yíyọ àwọn yòókù kúrò ni a fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí náà àṣìṣe agolo a máa fara pamọ́ síbẹ̀. Kí a má ṣe fi ojú méfò.

Kí ìlú tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ mìíràn, kí ó sì tó ta igbó etí odò, ó yẹ kí ó ti ní àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan lọ́wọ́. Àwọn baálẹ̀ tí ń bẹ lókè odò àti àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀ ni kí wọ́n jùmọ̀ ka ìwé náà, nítorí odò kan náà ni gbogbo wọn ń mu.