Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ máa béèrè ìdí

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń jẹun ní Arépo, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, kò kọ́ṣẹ́ nínú kíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti fojú kọ́ ọ. Ìjọba mọ iyì ọ̀nà yìí: àjọ NDE tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986 máa ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọọṣẹ́ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ilé láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni yóò fojú kọ́? Mẹkáníìkì tó sì ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọọṣẹ́, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù di títì nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí kálukú sọ iṣẹ́ tó ta kókó fún un lọ́sẹ̀ náà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é lójú gbogbo wọn. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ọ̀gá náà yóò jèrè, torí kọ̀ǹpútà ti wà nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, ọmọdé sì lè mọ̀ ọ́n lò ju àgbà lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.