Itọ́ Ẹni tí Wárápá Mú Kì í Ran Ènìyàn

Bí wárápá bá gbé ọmọ kan ṣánlẹ̀ ní etí ọ̀sà Ọ̀jọ́, àwọn mìíràn a máa sá fún itọ́ tí ń hó ní ẹnu rẹ̀, kí ó má baà ràn wọ́n. Ìbẹ̀rù asán ni.

Inú ọpọlọ ni àrùn náà wà. Ọpọlọ kún fún ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu-ọ̀nà kéékèèké; bí sódíọ̀mù, èyí tí ó wà nínú iyọ̀, bá gba ibẹ̀ wọlé, agbára bíi ti mànàmáná a ta kọjá. Nígbà tí wárápá bá dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà a ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìlétò, ara a sì gbọ̀n. Oògùn phenytoin, tí a ti ń lò fún un láti 1938, a máa ká ẹnu-ọ̀nà náà lọ́wọ́ kò.

Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ní Ìgbó-Ọrà ni ó ní àrùn yìí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ẹsẹ̀ aláìsàn bọ iná, tàbí kí ó ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n dúró tì í, kí wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ó má ṣe dá wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Olúwa kò sá fún ọmọ inú Máàkù orí 9. Ọwọ́ ni Ó nà sí i.